Bí Ẹ Ó Ṣe Lọ Síkì ní Zermatt Láìjẹ Gbèsè

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ rà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á rí i lórí fóònù lóru pé Lọ́ńdọ̀nù sí Geneva kò wọ́n, á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ lórí WhatsApp, kí ilẹ̀ tó mọ́, èèyàn mẹ́rin ti sanwó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ ìsinmi iléèwé làwọn mú, pé ibùsùn tó kù ní Zermatt, abúlé síkì lórí òkè ní Switzerland, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù odindi, àti pé ọ̀kan nínú wọn ṣì nílò físà. Èmi náà ti ṣe é rí. Lọ́dún yẹn, gbogbo owó tí mo rò pé mo jèrè lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ọbẹ̀ àti búrẹ́dì ọjọ́ méjì lórí òkè ló gbé e jẹ.

Zermatt wọ́n, kò sí àní-àní. Ó wà lára àwọn ibi tó wọ́n jù ní gbogbo òkè Alps. Àmọ́ ohun tó ń jẹ owó ẹni níbẹ̀ kọjá iye tí wọ́n kọ sára ọjà: kéèyàn ra nǹkan tó yẹ kó kẹ́yìn ṣáájú, kó sì ra èyí tó yẹ kó ṣáájú nígbà tí àkókò ti lọ. Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò ṣe síkì (eré fífi pákó gígùn méjì yọ̀ lórí yìnyín) rí tàbí tó ti ṣe é bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tó fẹ́ lo ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan, òun ni mo kọ èyí fún. Ẹ tẹ̀lé e bó ṣe tò. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye tí èyí tó tẹ̀lé e máa ná yín.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Páásípọ́ọ̀tù tí kò tíì ju ọdún 10 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, tí agbára rẹ̀ á sì kọjá ọjọ́ tí ẹ máa kúrò ní Yúróòpù pẹ̀lú oṣù 3 ó kéré tán.
- Káàdì báǹkì tí kì í gba owó lé ohun tí ẹ bá rà nílẹ̀ òkèèrè.
- Kàlẹ́ńdà ìsinmi iléèwé.
- Ẹni mẹ́ta mìíràn, kí ẹ lè di mẹ́rin. Yàrá tó ní ilé ìdáná máa ń rọrùn láti pín fún mẹ́rin. Ẹni méjì á san púpọ̀ jù, ẹni márùn-ún kì í gba ibẹ̀.
- Bébà kan tó ní ìlà mẹ́wàá: ibùsùn, físà, ìnṣọ́ránsì, ọkọ̀ òfuurufú, reluwé, ẹ̀kọ́, páàsì òkè (tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn gun òkè síkì), irinṣẹ́ àti aṣọ, oúnjẹ, àti àìròtẹ́lẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́; ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó sí i.

Fráǹkì ni kí ẹ fi kọ gbogbo rẹ̀, ẹ má fi yúrò kọ ọ́. Switzerland kò sí nínú EU, owó tirẹ̀ ló ń ná.

1. Ẹ mú ọ̀sẹ̀ tí ẹlòmíràn kò fẹ́

Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì dé ọdún tuntun, ẹ gbàgbé rẹ̀. Oṣù Kejì náà, ẹ gbàgbé rẹ̀: ìsinmi iléèwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Faransé àti ti àwọn ará Switzerland fúnra wọn máa ń rọ́ lu ara wọn nígbà yẹn. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó dáa fún àpò yín ni ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, oṣù Kìn-ín-ní láti ọ̀sẹ̀ kejì títí dé òpin rẹ̀, àti oṣù Kẹta lẹ́yìn ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún bí Àjíǹde kò bá tíì súnmọ́. Ìparí oṣù Kẹrin náà ṣeé mú. Níbòmíràn, ẹni tó bá lọ ní oṣù Kẹrin lè bá ẹrẹ̀ pàdé, ṣùgbọ́n Zermatt ga. Abúlé náà fúnra rẹ̀ ju 1,600 mítà lọ, ọkọ̀ okùn tó ga jù sì ń gbé èèyàn dé 3,883 mítà, lórí yìnyín ayérayé tí wọ́n ti ń ṣe síkì látọdún délẹ̀.

Oṣù Kìn-ín-ní ni èmi fẹ́ràn jù. Òtútù rẹ̀ kì í ṣeré o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ máa ń dákẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: gbogbo ayé ló ń lọ Sátidé, tí wọ́n sì ń bọ̀ Sátidé. Ẹ lọ ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹ padà ní ọjọ́ Ẹtì, tàbí kí ẹ mú Túsìdeè sí Mọ́ńdè.

Àyẹ̀wò: ẹ wo iye ibùsùn kan náà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ mú, kí ẹ tún wo iye rẹ̀ ní àárín oṣù Kejì. Bí ìyàtọ̀ wọn kò bá hàn gedegbe, ẹ kò tíì jáde kúrò nínú èrò. Ẹ padà sídìí kàlẹ́ńdà.

2. Ẹ wá ibùsùn, kí ẹ má tíì sanwó tí kò ṣeé gbà padà

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, mo sì ti sùn ní méjì nínú wọn.

Àkọ́kọ́ ni inú Zermatt gan-an. Ilé ibùsùn àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, ìyẹn *Jugendherberge* lédè Jámánì, àgbàlagbà náà sì ń sùn níbẹ̀ láìsí ìtìjú. Ibùsùn alájà ni o, ẹni mẹ́fà lè wà nínú yàrá kan, ẹnìkan á sì han-anrun. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ wá yàrá tó ní ilé ìdáná, torí ìpele oúnjẹ tó ń bọ̀ wá, ilé ìdáná ló gbé e ró.

Ìkejì ni Täsch, abúlé tó wà nísàlẹ̀ Zermatt. Ọkọ̀ tó ń lo epo kò gbọdọ̀ wọ Zermatt, nítorí náà ẹni tó bá wa ọkọ̀ wá, Täsch ló máa gbé e sí, kó tó wọ reluwé. Ìṣẹ́jú 12 ni reluwé yẹn ń gbà, ìṣẹ́jú 20 síra wọn ni wọ́n sì máa ń lọ lọ́sàn-án. Ibùsùn Täsch sábà máa ń dín owó kù dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ pé: owó reluwé lọ-bọ̀, fún ẹni mẹ́rin, fún ọjọ́ márùn-ún. Mo ti rí ẹni tó sá fún Zermatt lọ sí Täsch tó wá fi reluwé san gbogbo èrè náà padà. Ẹ wo aago reluwé alẹ́ pẹ̀lú, torí lóru kì í yá bíi ti ọ̀sán.

Ìkẹta ni kí ẹ sùn ní òdìkejì òkè, ní Breuil-Cervinia ní ilẹ̀ Ítálì. Òkè Matterhorn, tó ga tó 4,478 mítà, ló dúró láàárín méjèèjì, ọ̀nà síkì sì so wọ́n pọ̀. Yúrò ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Oúnjẹ, kọfí àti páàsì òkè ló rọjú ju ti Zermatt lọ. Bó bá jẹ́ pé síkì lẹ fẹ́, tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ rìn kiri àárín abúlé Zermatt, ẹ ronú sí i dáadáa. Láti Turin ló rọrùn jù láti dé ibẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: iye tí ẹ kọ́kọ́ rí lórí fóònù kì í sábà ní owó orí àlejò nínú, èyí tí wọ́n ń gbà lórí ẹni kọ̀ọ̀kan lálaalẹ́. Owó ìtúnléṣe náà wà níbẹ̀, àti ti aṣọ ibùsùn nígbà mìíràn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ojú ewé tó kẹ́yìn kí ẹ tó kọ iye rẹ̀ sí bébà.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ẹsẹ̀ rin ìrìn náà lórí máàpù láti ibùsùn yín dé ibùdókọ̀ reluwé Zermatt. Bó bá ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ẹ rántí pé bàtà síkì tó dà bí òkúta lẹ máa wọ̀ nígbà yẹn, síkì á sì wà léjìká.

3. Físà àti ìnṣọ́ránsì

Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà fún ìrìn bí èyí. Ẹni tó bá ṣì ń lo ti Nàìjíríà nílò ti Schengen, físà kan tó wúlò fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bó ti wù kó pẹ́ tó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ tí ẹ bí síbí tó ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà náà nílò rẹ̀, mo sì mọ ìdílé kan tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kan èyí. Ilé ni ìyá àti ọmọ náà wà títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí.

Oṣù 6 ṣáájú ìrìn ni ẹ ti lè fi ìwé sílẹ̀. Ó kéré tán, kó ku ọjọ́ 15. Ẹ má dúró de ọjọ́ 15 yẹn o. Àyè láti lọ fi ìwé sílẹ̀ máa ń kún kí ìgbà òtútù tó wọlé. Owó físà àgbàlagbà di 90 yúrò láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, ilé iṣẹ́ tó ń gba ìwé sì lè fi tirẹ̀ lé e. Ẹ kó ìwé báǹkì oṣù mẹ́ta jọ, ìwé owó oṣù, lẹ́tà ibi iṣẹ́ tó sọ pé wọ́n fún yín láyè, ẹ̀rí ibùsùn tó ṣeé fagi lé, ètò ìrìn, àti ẹ̀rí pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: orílẹ̀-èdè tí ẹ ti máa sùn pẹ́ jù lẹ ó béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá máa sùn ní Cervinia, Ítálì ni, kódà bí ọkọ̀ òfuurufú bá máa já yín sí Geneva.

Ìnṣọ́ránsì wá ńkọ́? Ti físà gbọ́dọ̀ kájú 30,000 yúrò, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ ń rà fún físà kò mọ síkì rí. Ẹ wá èyí tó dárúkọ eré ìdárayá orí yìnyín ní tààrà, tó sì sọ pé òun á san owó hẹlikópítà. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré yẹn ló ń gbé ẹni tó bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lórí òkè Zermatt, owó rẹ̀ sì máa ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fráǹkì. Káàdì GHIC tí NHS ń fún wa fún ìtọ́jú nílẹ̀ òkèèrè kò san owó ìgbàlà lórí òkè. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ọtí pẹ̀lú. Ẹni tó bá mu gíláàsì mẹ́ta tó wá ṣubú lè bá ara rẹ̀ nìkan nídìí owó náà.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣí ìwé ìnṣọ́ránsì, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta: síkì, ìgbàlà lórí òkè, ìgbépadà sílé. Èyí tí ìka yín kò bá rí, kò sí níbẹ̀.

4. Ọkọ̀ òfuurufú àti reluwé

Nísinsìnyí ni kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Geneva àti Zurich ló wúlò. Lára owó rẹ̀, ẹ ka owó báàgì mọ́ ọn, ẹ má sì gbé síkì wọ ọkọ̀. Owó tí wọ́n ń gbà lórí báàgì síkì máa ń sún mọ́ owó tí ẹ ó fi yá a níbẹ̀.

Ibùdókọ̀ reluwé wà nínú pápákọ̀ òfuurufú Geneva. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Brig lẹ ó wọ̀, ẹ ó sọ̀ ní Visp, lẹ́yìn náà ẹ ó wọ ọkọ̀ pupa kékeré tó ń gun òkè lọ sí Zermatt. Gbogbo rẹ̀ á gbà tó wákàtí mẹ́rin. Ẹ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún láti Geneva. Adágún Geneva á bá yín lọ fún nǹkan bíi wákàtí kan, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹni tó bá dé ibi ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì láìmúra á san nǹkan bí 100 fráǹkì ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Ohun méjì ló ń gé e wálẹ̀. Ọ̀kan ni káàdì ìdajì-owó tí wọ́n ń tà fún àlejò, èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan: gbogbo reluwé, bọ́ọ̀sì àti ọ̀pọ̀ reluwé orí òkè á di ìdajì. Èkejì ni tíkẹ́ẹ̀tì tó so mọ́ ọkọ̀ kan pàtó lórí áàpù SBB, ilé iṣẹ́ reluwé Switzerland, tó máa ń jábọ́ púpọ̀ fún ẹni tó bá tètè rà á. Ẹ ṣírò gbogbo reluwé tí ẹ máa wọ̀ ní owó kíkún. Bó bá ju ìlọ́po méjì owó káàdì lọ, ẹ ra káàdì. Bó bá kéré, ẹ lo tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú nìkan.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú yẹn, bí ọkọ̀ òfuurufú bá pẹ́ tí reluwé rẹ̀ sì ti lọ, ó ti di bébà lásán. Ẹ fi wákàtí méjì sáàárín bíbalẹ̀ àti reluwé.

5. Ẹ kọ́ síkì nílé

Bí mo bá ní kí ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ kí ẹ mú ẹyọ kan, ìpele yìí ni màá ní kí ẹ mú. Wákàtí olùkọ́ ní Switzerland wọ́n gan-an, ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹni tí kò ṣe síkì rí sì jẹ́ kìkì ìṣubú, ìdìde, àti wíwọ bàtà tó kọ̀ láti wọlé. Kí nìdí tí ẹ ó fi san owó Zermatt fún ìyẹn?

Yìnyín gidi wà lábẹ́ òrùlé ní Hemel Hempstead, ní Manchester, ní Tamworth àti ní Milton Keynes. Ẹ lọ gba ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó kúrò kò ju mẹ́rin lọ: kí ẹ fi síkì ṣe bíi lẹ́tà A láti dúró, kí ẹ yà sọ́tùn-ún àti sósì, kí ẹ dìde fúnra yín lẹ́yìn ìṣubú, kí ẹ sì lè wọ ohun tó ń fa èèyàn gun òkè láì dí ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ máa gbọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ yín máa sọ pé, “Kí là ń kọ́, ṣebí kéèyàn máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ ni?” Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Àyẹ̀wò: kí olùkọ́ pariwo “Dúró!” lójijì. Bí ẹ bá dúró kí ẹ tó kọjá ìlọ́po mẹ́ta gígùn síkì yín, ẹ ti ṣetán. Bí ẹ bá fi ìdí dúró, ẹ̀kọ́ kan ṣì kù.

6. Páàsì òkè

Páàsì àgbàlagbà fún ọjọ́ kan ní Zermatt ń lọ sí nǹkan bí 100 fráǹkì. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ra páàsì gbogbo òkè ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wọ reluwé abẹ́ ilẹ̀ tó lọ sí Sunnegga, ní 2,288 mítà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló ń gbà. Lẹ́bàá adágún Leisee tó wà níbẹ̀ ni ibi àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ wà, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì tó ń rìn ti ń gbé èèyàn padà sókè. Ẹ béèrè tíkẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì níbẹ̀ tó, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ra ti gbogbo òkè fún ọjọ́ tó kù, kí ẹ sì lọ sí ọ̀nà búlúù, èyí tó rọrùn jù, ní ìhà Riffelberg. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9 kì í sanwó, ṣùgbọ́n káàdì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà pọ̀ níhìn-ín. Wọ́n máa ń fi tìpátìkúùkù ra àfikún Ítálì lórí páàsì. Ẹni tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀nà pupa pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, kí ló ń wá lọ sí Ítálì? Ẹni tó bá sì lè lọ, kó kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá le, wọ́n á ti ọkọ̀ okùn tó wà lókè pátápátá, ẹni tó wà ní Cervinia á wá fi takisí yí gbogbo òkè náà po padà sí Zermatt: wákàtí púpọ̀, owó tí kò ṣeé sọ lẹ́nu. Kó bẹ̀rẹ̀ sí padà ní kété tí oúnjẹ ọ̀sán bá parí.

Àwọ̀ ọ̀nà náà ń tan àwọn tó ti lọ sí Faransé rí jẹ. Faransé ní ọ̀nà aláwọ̀ ewé, èyí tó rọrùn jù. Switzerland kò ní in. Búlúù ló rọrùn jù níbẹ̀, lẹ́yìn náà pupa, lẹ́yìn náà dúdú. Àwọ̀ ìyeyè jẹ́ ọ̀nà tí ẹ̀rọ kò tẹ́, ẹ má débẹ̀.

Àyẹ̀wò: káàdì páàsì nìkan ló gbọ́dọ̀ wà nínú àpò òsì jákẹ́ẹ̀tì yín, láìsí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí géètì bá ṣí fúnra rẹ̀, ó ti parí.

7. Irinṣẹ́, aṣọ àti irun

Aṣọ, ẹ rà á nílé. Aldi àti Lidl máa ń kó aṣọ yìnyín jáde nígbà òtútù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Decathlon ń tà á látọdún délẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ tó ti lọ rí á sì fẹ́ yá yín. Jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tí omi kì í wọ̀, ìbọ̀wọ́ tó nípọn, awò yìnyín, aṣọ ìsàlẹ̀ méjì tó gbá mọ́ ara. Ẹ má wọ jíǹsì, ẹ má wọ òwú sísàlẹ̀. Òwú ń mu omi, omi náà á sì di òtútù sí yín lára.

Síkì, bàtà, ọ̀pá àti àṣíborí, ẹ yá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ, torí ó máa ń dín owó kù ju kéèyàn wọlé tọ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń jẹ́ kí ẹ gbé e ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú láìgba owó ọjọ́ yẹn. Ẹ béèrè.

Bàtà ló ń ba ọ̀sẹ̀ jẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ kan péré lẹ ó wọ̀ sínú rẹ̀. Méjì á máa ká sí yín lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá dúró ṣánṣán, ọmọ ìka á kan iwájú díẹ̀. Bí ẹ bá tẹ orúnkún síwájú, ó gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá sì béèrè ìwọ̀n ara yín, ẹ sọ òtítọ́. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n fi ń ṣètò ohun tó ń tú síkì kúrò lẹ́sẹ̀ nígbà ìṣubú. Ẹni tó bá fi ìtìjú dín kílò mẹ́wàá kù lè bá síkì tó ń já bọ́ láìnídìí.

Irun: kò sí ẹni tó ń kọ èyí fún wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́. Ẹ má di ṣùkú lọ. Àṣíborí kò ní wọlé, ẹ ó sì máa wò ó lọ́wọ́ níwájú gbogbo èrò. Kòlẹ́sẹ̀ ló dáa jù, tó lọ sẹ́yìn ọrùn tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ní irun àfikún tó gùn, kó dì í pọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́yìn ọrùn. Òrí dára fún ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ nítorí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dípò ìpara ààbò oòrùn. Yìnyín ń dá ìtànṣán oòrùn padà sí ojú ẹni, awọ dúdú náà sì ń jóná níbẹ̀.

8. Oúnjẹ

Níbí ni owó ti ń jò. Oúnjẹ ọ̀sán kan lórí òkè, pẹ̀lú ohun mímu, lè gba owó tí ẹ fi ń ra ọjà ọjọ́ méjì nílé.

Coop wà níwájú ibùdókọ̀ reluwé Zermatt gan-an, Migros náà wà nínú abúlé. Ẹ ra ìrẹsì, ẹyin, adìyẹ àti ewébẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa se é nílé. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ di gaàrí, èlùbọ́ àti ata gígún gbígbẹ sínú ẹrù. Ẹran díndín, súyà, wàrà àti wàràkàṣì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀: Switzerland kò gbà kí arìnrìn-àjò kó ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé láti ilẹ̀ tí kò sí nínú EU, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti jáde. Ata rodo tútù náà nílò ìwé ẹ̀rí ewéko. Mo ti rí ẹni tí wọ́n gba àpò ata kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sunkún ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ má gbé ẹ̀wà lọ. Ní gíga Zermatt, omi ń hó ní nǹkan bí 95°C, ẹ̀wà sì lè wà lórí iná títí ẹ ó fi bínú. Ìrẹsì á jinná, ṣùgbọ́n ẹ fi ìṣẹ́jú mélòó kan kún un.

Ẹ ra fúláásìkì onẹ́nu gbòòrò. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí ẹ rọ sínú rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ ṣì máa ń gbóná ní aago kan ọ̀sán. Ẹ wá ìjókòó gbogboogbò níta. Ẹ má jókòó sí tábìlì ilé oúnjẹ pẹ̀lú ìkòkò yín, wọ́n á lé yín. Omi ẹ̀rọ abúlé náà dára láti mu, nítorí náà ẹ má ra omi inú ìgò.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: bí ẹ̀rọ káàdì bá béèrè bóyá ẹ fẹ́ sanwó ní pọ́n-ùn tàbí fráǹkì, fráǹkì ni kí ẹ mú. Ti pọ́n-ùn ní èlé tí wọ́n fi pamọ́. Fóònù náà ní páńpẹ́ tirẹ̀: ọ̀pọ̀ ètò tó ń jẹ́ kí ẹ lo dátà lọ́fẹ̀ẹ́ ní EU kò ka Switzerland mọ́ ọn. Ẹ bi ilé iṣẹ́ fóònù yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Àyẹ̀wò: ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ wo ìlà oúnjẹ lórí bébà. Bí ẹ bá ti ná ju ìdajì rẹ̀ lọ, ẹnìkan nínú yín ń ra ṣokoléètì gbígbóná lójú ọ̀nà. Ẹ wádìí rẹ̀.

9. Lórí òkè

Ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín ló ni ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn lẹ ó yà fún un. Ẹ kọ aago ọkọ̀ okùn tó kẹ́yìn sí ẹ̀yìn ọwọ́ ní àárọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, reluwé Sunnegga lẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ti rẹ̀, ọ̀nà tó wọ abúlé sì ti di yìnyín líle, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orúnkún ti ń bàjẹ́. Nọ́ńbà áńbúláǹsì ni 144. 112 náà ń ṣiṣẹ́.

Bí orí bá ń fọ́ yín ní Klein Matterhorn, ibi tí ọkọ̀ okùn tó ga jù ń gbé èèyàn dé, gíga ibẹ̀ ni, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ mu omi.

Bí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ bá ní òun kò ṣe mọ́, kó má ra páàsì tó kù. Kó fi káàdì ìdajì-owó wọ reluwé Gornergrat, tó ti ń gun òkè láti ọdún 1898, dé 3,089 mítà. Kó gbé fúláásìkì tirẹ̀ dání, kó wá ibi tí oòrùn wà níwájú Matterhorn, kó sì dúró de àwọn tó kù ní Riffelberg ní aago kan.